Ọ̀kadà Rọ́nà Gbà, Èmi Kò Rí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí o! Kí ni mo fi ṣe àtẹ̀gùn? Kò síbi tí mo yí kẹ̀kẹ́ arọ mi dé ní Ìsẹ́yìn yìí tí àtẹ̀gùn kò ti dúró dè mí bí agbowó-orí. Bánkì ńkọ́, àtẹ̀gùn! Ilé ìwòsàn ńkọ́, àtẹ̀gùn! Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ àwa akándá ẹ̀dá sílẹ̀ gan-an, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà! Òkè Ẹbẹ̀dí ń bẹ n'Ísẹ́yìn, òkè Aṣabari ń bẹ ní Ṣakí, Ọlọ́run ló gbé wọn síbẹ̀, n ò bá a jà. Àmọ́ ta ló gbé òkè síwájú ṣọ́ọ̀bù oní-POS?

Ti bánkì ló dùn mí jù. Bí wọ́n bá gbé mi gun àtẹ̀gùn tán, ilẹ̀kùn onígíláàsì tó máa ń gbé èèyàn mì lọ́kọ̀ọ̀kan yẹn á ní kẹ̀kẹ́ ò lè kọjá. Sikióríti á ní, "Bàbá, ẹ mú káàdì wá, kí n bá yín gbowó. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín ńkọ́?" Ẹ gbọ́ o! Lójú ọlọ́kadà, lójú ẹlẹ́pà, lójú gbogbo ayé!

Òfin tó gbèjà àwa akándá ẹ̀dá sì wà o! Lóṣù Kíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ú, wọ́n fún àwọn tó nilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún 5 gbáko kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà, ọdún 5 ọ̀hún sì pé lóṣù Kíní 2024. Òfin yẹn tún ní bí èrò bá tò, àwa ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó dáa. Èrò tò sókè àtẹ̀gùn, èmi wà nísàlẹ̀, ṣé kí n máa tò láti gọ́tà ni?

Èèyàn burúkú kọ́ ni wọ́n, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Gbogbo wọn ló fẹ́ gbé mi! Kí n tó sọ pé "ẹ dákun," gìrìpá mẹ́rin á ti dì mí mú, ọ̀kan ń fà mí lápá, ọ̀kan ń fa táyà, fìlà mi á já sí gọ́tà, ìyá kan á máa sunkún lé mi lórí, òmíràn á ju igba náírà sí mi lẹ́sẹ̀, èmi tí mò ń ta aṣọ òkè, tí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi ni ọkọ rẹ̀ ti ra agbádá tó wọ̀ ṣègbéyàwó! Ta ló ní kí ẹ gbé mi? Sìmẹ́ńtì ni mo ní kí ẹ dà!

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé sìmẹ́ńtì wọ́n. Ẹ lọ wo iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn dáadáa. Ẹ ó rí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n fi sìmẹ́ńtì dán an títí, ó kàn fẹ̀ tó táyà kan péré ni. Ti ọ̀kadà ni! Kí onílé lè yí ọ̀kadà rẹ̀ wọlé sùn lálẹ́! Háà! Ọ̀kadà tí kì í dìbò, tí kì í san owó orí!

Mo ti ra họ́ọ̀nù. Bó bá di ọjọ́ Ajé, màá so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ mi, màá kan nọ́ńbà mọ́ ọn nídìí, màá sì máa fọn ọ́n lọ síwájú bánkì: ẹ yà o, ọ̀kadà ń bọ̀!