Ẹ Má Fún Ọ̀gá Ọkọ̀ Lówó Ọtí

Ẹ̀yin ará Ṣàngótẹ̀dó, ẹ ti kọ́lé, ẹ ti mọ fẹ́ǹsì tó ga ju ilé lọ, ẹ ti gbé sólà sórí òrùlé kí aládùúgbò lè mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ti di ti tálákà. Ohun tó wá ṣẹ́ kù ni ọkọ̀ ojú omi. Mi ò sọ èyí tó ń ti Badóre sọdá sí Ìjẹdé o. Ìyẹn wà fún ẹni tó ń sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ti ẹ̀yin ni ọkọ̀ alájà mẹ́rìndínlógún, tó ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ lókè, tíátà láàárín, ọjà nísàlẹ̀, irú èyí tí àbúrò yín ní Houston fi ń dá yín lágara lórí WhatsApp. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún báyìí, gbọ̀ngàn Ajah kò gbayì tó mọ́. Ó di Galveston kí wọ́n wọkọ̀, ó di Cozumel kí wọ́n gé kéèkì, kí gèlè máa bá atẹ́gùn òkun jà.

Mo bá yín yọ̀. Ìbéèrè kékeré kan ni mo ní: owó tí àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ń gbà lọ́wọ́ èrò, èyí tí aráyé ń pè ní tíìpù, ṣé ẹ mọ bó ṣe ń lọ?

Ẹ ti fajú ro. "Àwa kẹ̀? Àwa tá à ń gbé lẹ́bàá títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́?" Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Láti 2016 tí ilé ìtajà Novare ti ṣílẹ̀kùn, tí Awóyáyà àti Ajah ti ń rọ́ wá síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kò sí ẹ̀kọ́ tí ojúlé dé títì kò tíì kọ́ yín. Ẹ kò tíì yí sítíárìn tán tí ọmọkùnrin kan fi bẹ́ jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹlòmíì, tó ń juwọ́ sí àyè tí ẹ̀yin fúnra yín ti rí: "Máa bọ̀, máa bọ̀, gé e, ọ̀gá mi, gé e!" Búrẹ́dì kan ṣoṣo lẹ rà, ẹnì kan ti fẹ́ bá yín gbé e. Ẹ dé ẹnu géètì ẹ́sítéètì, màígádì nà ró bíi sọ́jà: "Ẹ kú wíkẹ́ńdì, sà!" Wíkẹ́ńdì tiwọn ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí ẹ bá ní ẹ ò mú owó dání, ẹ ti kó sí i: náńbà Opay wà létè rẹ̀, ó ń kà á bí ọmọ Ilé Kéwú.

Ibi tó ti máa ṣòro fún yín nìyẹn. Owó tiwa kì í jáde lápò bí oríkì ò bá kọ́kọ́ wọ etí. Igba náírà la fún un, "Twálè, bàbá!" la rà. Ẹni tó bá gbówó wa tí kò pariwo, olè ni lójú wa.

Nínú ọkọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni ò ní í kí yín kú wíkẹ́ńdì. Ọmọ tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín á rẹ́rìn-ín, á pe orúkọ yín, á béèrè bí ẹ ṣe sùn, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin á dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa retí gbólóhùn kejì. Kò ní í wá. Owó ti jáde lára yín kí ẹ tó jí.

Bó ṣe ń jáde rèé. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọkọ̀, wọ́n á so káàdì báńkì yín mọ́ káàdì kékeré kan tó ń ṣí yàrá, tó sì ń ra ohun gbogbo. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, lójoojúmọ́, ọkọ̀ á máa yọ nǹkan bíi 16 sí 20 dọ́là lórí olúkúlùkù yín. Ẹni tó bá gba yàrá ọlọ́lá á san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní olúkúlùkù o, nítorí mo mọ̀ yín. Ẹ má gbé ọmọ sórí itan kí ẹ ní kò gba ìjókòó bí ẹ ti máa ń ṣe nínú dánfó. Lọ́pọ̀ ọkọ̀, ọmọ ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń fojú fò. Ọmọ ọdún márùn-ún tó jẹ́ pé ọ̀dùnkún díndín nìkan ló ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́, iye tí bàbá rẹ̀ ń san lòun náà ń san. Ẹ jẹ́ ká ní dọ́là 18 ni: tọkọtaya àtọmọ méjì, ọjọ́ méje, ó di 504 dọ́là. Bí dọ́là bá wà ní 1,500 náírà, ẹ ti ta àwọn òṣìṣẹ́ lọ́rẹ 756,000 náírà, ẹnikẹ́ni ò sì tíì pè yín ní Ọ̀gá Ńlá.

Bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì mutí. Ọtí kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá béèrè, ìdá 18 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ti gun orí owó rẹ̀ kí rìsíìtì tó dé ọwọ́ yín. Rìsíìtì yẹn gan-an ni wọ́n fi ń mú ọmọ Èkó. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ṣófo gbalaja, wọ́n ní bóyá ẹ tún fẹ́ fi nǹkan kún un. Ẹni tó gbọ́n á fa ìlà kọjá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọge tó gbé ọtí wá ṣì dúró, ìyàwó yín ń wò, ọ̀rẹ́ tó wá láti Maryland náà ń wò. Ẹ̀yin tí Olúwa dá pẹ̀lú ojú àánú bá kọ mẹ́wàá dọ́là sí i. Orí ọtí dọ́là mẹ́rìnlá! Àní ẹ tún fọwọ́ sí i, ọwọ́ náà gùn bíi ti gómìnà.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé alẹ́ ijó. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí pé lálẹ́ kan, àwọn agbáwo á gbé aṣọ ìnuwọ́ sókè, wọ́n á máa fì í, wọ́n á máa jó láàárín tábìlì. Àwọn òyìnbó á máa pàtẹ́wọ́ níbi tí wọ́n jókòó sí. Ọmọ Yorùbá nìkan ló máa dìde. Ó ti tú agbádá, ó ti yọ dọ́là ẹyọ kan-kan, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí ọmọ Fílípíìnì tó gbé abọ́ áísìkíríìmù lọ́wọ́. Ọmọ náà ò mọ̀ bóyá kóun máa jó lọ ni o, tàbí kóun pe ẹ̀ṣọ́. Owó náà kò tilẹ̀ lẹ̀, torí ẹ̀rọ amúlétutù kò jẹ́ kó láàgùn. Ọ̀kan ti já sínú ọbẹ̀ ìyá àgbà kan tó wá láti Texas. Nílé, òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ní kí ẹni tó bá ná náírà lójú agbo ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san 50,000 náírà, ó kéré tán, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára, fi rí oṣù mẹ́fà gbà ní kóòtù gíga àpapọ̀ ní Èkó ní April 2024. Òfin náà kò sọ nǹkan kan nípa dọ́là lórí òkun. Mo mọ̀ pé àwọn lọ́yà ẹ́sítéètì wa ti kíyè sí i.

Nǹkan kan ṣì tún wà tí mo fẹ́ fi ọlá ìyá yín bẹ̀ yín lé lórí. Ọ̀gá ọkọ̀ máa ń jáde wá kí èrò lálẹ́ ọjọ́ kan, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú okùn wúrà léjìká. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Èkó gbà pé kò sí ibi tó yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ bí kò ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá pátápátá. Ó ti ká ogún dọ́là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú àtẹ́lẹwọ́, ó ń bọ ọkùnrin náà lọ́wọ́, ó ń ṣẹ́jú sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọ̀gá ọkọ̀ lówó ọtí! Àwọn tó wọ okùn léjìká, owó oṣù ni tiwọn, wọn kì í gba tíìpù. Kò sì sí ohun tó lè bá yín ṣe. Bí ẹ bá ń ná bàtà lọ́wọ́ ní Cozumel tí agogo fi lù, kò ní í rántí ogún dọ́là yẹn. Yóò ṣí ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ẹ ó sì máa wò ó láti èbúté pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́.

Àwọn tó ń jẹ owó náà wà nísàlẹ̀: olùtọ́jú yàrá, agbáwo àti igbákejì rẹ̀, alágbàfọ̀, àwọn tó ń fọ àwo tẹ́ ò ní í rí lójú láé. Ọmọ Fílípíìnì, ọmọ Indonéṣíà, ọmọ Íńdíà ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì ń lo oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án kí wọ́n tó rí ilé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ náà, àsíá Bàhámà tàbí ti Panama ló ń ta, nítorí náà òfin owó oṣù tí Amẹ́ríkà fi ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ kì í bá wọn wọ ọkọ̀. Lára tíìpù yẹn ni wọ́n ti ń rán ọmọ níléèwé.

Àwọn bàbá wa mọ tíìpù ọkọ̀ ṣáájú wa. Ọkọ̀ Aureol ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Èkó ní 1951, kò sì ṣíwọ́ títí di 1974. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni èrò ń lò lórí omi. Láyé ọkọ̀ wọ̀nyẹn, alẹ́ tó kẹ́yìn lèèyàn ń fi owó sínú ẹ́ńfílóòpù fún ẹni tó tọ́jú rẹ̀. Ẹ wo ọmọ tí gbogbo ìlú dáwó fún kó lọ kọ́ òfin, tó ń ṣírò ṣílè lórí bẹ́ẹ̀dì bóyá kóun fi méjì sí i ni tàbí mẹ́ta. Ó kéré tán, òun fúnra rẹ̀ ló fà á lé wọn lọ́wọ́, ó sì rí ojú ẹni tó gbà á.

Lóde òní, alẹ́ tó kẹ́yìn ti di ti títò lórí ìlà. Lọ́pọ̀ ọkọ̀, èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ sí kàǹtà kó ní kí wọ́n dín tíìpù òun kù tàbí kí wọ́n yọ ọ́ pátá. Ẹ máa wo ẹni tó tò síbẹ̀! Alàgbà tó rọ gbogbo ẹgbẹ́ láti ra léèsì aláràbarà. Ìyá tó ya fọ́tò lọ́dọ̀ àwọn ayafọ́tò ọkọ̀ títí wọ́n fi mọ orúkọ rẹ̀. Díńgí dúdú wà lójú gbogbo wọn lóru. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn wá béèrè ojú ọjọ́. Kò sì yà mí lẹ́nu, torí àwọn wọ̀nyí náà ni wọ́n ń bá oníkẹ̀kẹ́ fa ọgọ́rùn-ún náírà láti Ajah dé Ṣàngótẹ̀dó, lábẹ́ òjò.

Ẹ̀yin ti Peckham, mo rí i tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ P&O ti Gẹ̀ẹ́sì dáwọ́ yíyọ owó yìí dúró ní 2019, owó ọkọ̀ ti kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ẹ máa wọkọ̀ yín lọ ní Southampton. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má fi àlàáfíà yẹn yọ ará Houston lẹ́nu.

Nǹkan kan wà tí káàdì ò lè bá yín ṣe, òun sì ni aláàárù èbúté. Ó ń dúró lẹ́bàá títì, ó ń gba àpótí yín kí ẹ tó wọlé, kì í sì í ṣe ara ọkọ̀. Dọ́là kan tàbí méjì lórí àpótí kọ̀ọ̀kan, owó ọwọ́, lẹ máa fún un. Kí lẹ fẹ́ fún un? Mo mọ ohun tó wà nínú pọ́ọ̀sì yín. Ọ̀dọ̀ abókí lẹ ti ṣẹ́ dọ́là, ẹ sì ti kọ kéékèèké nítorí ọgọ́rùn-ún dọ́là ẹlẹ́yọ kan, tuntun gbọ́ọ́rọ́, ló ń pa owó jù. Gbogbo rẹ̀ wá di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún. Àpótí méje, pẹ̀lú báàgì Gáná tí ẹ fi gàrí àti ata gígún pamọ́ sí, ti wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà tẹ́wọ́. Ṣé ẹ máa ní kó fún yín ní ṣéǹjì ni? Àbí ẹ máa béèrè Opay? Ẹ ṣẹ́ dọ́là kan-kan àti márùn-ún-márùn-ún dání kí ẹ tó kúrò nílé, kí abókí rẹ́ yín jẹ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ máa nílò rẹ̀ fún ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá sí yàrá lóru pẹ̀lú.

Ẹ ó sì tún pàdé ọ̀bọ. Ẹ ó ṣílẹ̀kùn lálẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ ó bá ọ̀bọ kan tó ń rọ̀ dirodiro láti àjà, ó fi díńgí yín sójú. Ẹ má ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", ẹ má sì da òróró sí i. Tówẹ̀lì ni. Ọmọ tó ń tọ́jú yàrá ló ká a bẹ́ẹ̀. Lọ́la á fi òmíràn ká erin. Ẹ ti ń wá ẹni tó máa kì yín láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti wọkọ̀. Ó ti kì yín tán, tówẹ̀lì ló fi kì yín. Bó bá wú yín lórí, ẹ fi nǹkan sínú ẹ́ńfílóòpù fún un lẹ́yìn èyí tí ẹ̀rọ ti yọ, ẹ fà á lé e lọ́wọ́ fúnra yín, kí ẹ sì gbọ́ bí yóò ṣe dúpẹ́.

Ó ku àwọn aládùúrà. Wọ́n ti lọ yọ owó náà ní kàǹtà, wọ́n wá jókòó, wọ́n kọ káàdì sí olùtọ́jú yàrá wọn pẹ̀lú bírò aláwọ̀ búlúù: "Olúwa á gbé ọ ga, o ò ní í bómi lọ, ìwọ náà á ní ọkọ̀ tìrẹ." Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀mí o. Ṣùgbọ́n ọmọ Manila ni, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà látinú ìyá rẹ̀ wá. Wọ́n ń gbàdúrà nílé wọn náà. Ẹ há ogún dọ́là sáàárín káàdì yẹn, ẹ ó gbọ́ àmín tó máa mi ọkọ̀.