Bàbá Jámánì àti Ọkọ̀ Inú Gíláàsì

Kò sí ìlú tí kò ní Bàbá Jámánì tirẹ̀, Ìkòyí tó múlé gbe Ìkirè àti Àpòmù náà ò gbẹ́yìn. Òun lẹni tó ti òkè òkun dé, tó kọ́lé, tó wá gbé ọkọ̀ ojú irin kékeré kan sínú àpótí onígíláàsì ní pálọ̀. V 60 ni wọ́n ń pè é. Ojúlówó rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì ní 1955, gùn ju mítà 10 lọ. Ti inú gíláàsì, ìwọ̀n 1 sí 87, jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Bàbá á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbọn eruku ara ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá pè é ní ohun ìṣeré, ojú Bàbá á le.

Ẹnìkan lè ní àṣà òyìnbó ló ń yọ Bàbá lẹ́nu. Rárá o. Àwa tá à ń wẹ ère ìbejì, tá à ń bọ́ ọ, a mọ̀ pé ohun kékeré lè gbé ọ̀wọ̀ ńlá. Ẹlòmíràn á ní ìtàn ló ń tọ́jú. Ìtàn ta ni? Àlàfo irin méjì tí V 60 ń tẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,435. Ti réluwéè àtijọ́ tó dé Ìbàdàn ní 1901, tó sì gba Ìwó àti Ẹdẹ lọ sí Òṣogbo, jẹ́ 1,067. V 60 ò lè dúró lórí rẹ̀. Irin náà ò sì ya Ìkòyí rárá. Bàbá mọ iye ìdè tó wà lára ọkọ̀ Jámánì, ṣùgbọ́n bi í léèrè nípa Ilé Jaekel ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí ohun àtijọ́ réluwéè tiwa wà, á ní òun ò tíì ráyè.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn nìyí: alágbàárù ni V 60. Kì í kó èrò rìnrìn àjò ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Inú ọgbà réluwéè ló wà, tó ń fa wágọ̀nù, tó ń tì wọ́n, tó ń tò wọ́n tẹ̀léra, kí ọkọ̀ ńlá tó wá gbé wọn lọ kó sì gba ìyìn. Bàbá gbé alágbàárù sórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lu agogo iṣẹ́ ìlú, orúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bàbá wa, ẹni tó bá fẹ́ràn V 60 dénú, á kọ́kọ́ fìwà jọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde wá. Gọ́tà ẹnu ọ̀nà yín ti dí.