Ìjàpá Onípanu

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, kò balẹ̀ níbòmíràn, orí Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló dá lé.

Ní ọjọ́ kan, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà wọ igbó, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé etí omi ní Ìwópìn. Ojú Àgbọ̀nrín ń ṣú. Ẹsẹ̀ Ọba Ẹkùn wú. Oníṣègùn dé, ó ní kí wọ́n dín ẹ̀bà kù, kí wọ́n dín ìkọ́kọrẹ́ kù, kí wọ́n sì gbàgbé gààrí tí wọ́n ń fi omi tútù mu lọ́sàn-án. Háà! Ìjẹ̀bú ni wọ́n ní kó gbàgbé gààrí! Ẹkún sọ láàfin Ẹkùn.

Ìjàpá gbọ́ ẹkún náà, ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ebi ń pa, tí wọ́n sì ti ka oúnjẹ léèwọ̀ fún, ta ló tún dáa jù ú lọ láti tajà fún?

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Abìgì, ó ra àgbọn. Ó dé Mákùn-Omi, ó ra edé gbígbẹ. Ó ra ẹ̀pà. Ìyẹ̀fun kò pọ̀ nínú wọn, òótọ́ ni. Ìjàpá kì í parọ́ níbi tí òótọ́ bá ti lè mówó wá.

Ó wá ku epo.

Epo pupa wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó mọ́, ó ń ta sánsán. Owó rẹ̀ ga. Òróró ẹ̀pà wà, owó tirẹ̀ tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjàpá ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọwọ́ kúrò. Ó yọ́ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, lẹ́bàá Yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982, níbi tí àwọn alákàrà àti onídùńdú pọ̀ sí nítorí àwọn ọmọ ẹranko tó ń kàwé. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, òróró tí ẹ ti fi dín nǹkan títí tó fi dúdú, ẹ má dà á nù mọ́. Ẹ tà á fún mi." Wọ́n rò pé ọṣẹ ló fẹ́ fi ṣe. Wọ́n tà á fún un ní pọ́ọ́kú.

Kò tó o. Ó tún ra ọ̀rá funfun kan mọ́ ọn, òróró tí wọ́n ti fi gáàsì háídírójìn sọ di líle. Irú ọ̀rá yẹn kì í tètè bàjẹ́ lórí igbá. Inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn ẹni tó jẹ ẹ́ ló ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Ìjàpá gbé agbada kaná. Ó dín ìpanu rẹ̀ lówùúrọ̀. Ó dín in lọ́sàn-án. Ó dín in lálẹ́. Epo kan náà ni o! Yánníbo ní, "Baálé mi, epo yìí ń hó bí ọṣẹ, èéfín rẹ̀ sì ń ta mí lójú." Ìjàpá ní, "Ta ní ń jẹ epo? Ìpanu ni wọ́n ń jẹ." Ó fi ata bo òórùn rẹ̀. Ó dì í sínú ọ̀rá tó ń kọ mọ̀nà. Ọ̀rá nínú, ọ̀rá lóde. Ó kọ ọ́ gàdàgbà síwájú pé KÒ SÍ ÌYẸ̀FUN, KÒ SÍ ṢÚGÀ. Lẹ́yìn, ní lẹ́tà tó kéré bí ẹyin èèrà, ó kọ "òróró". Irú òróró wo? Lẹ́tà kò gba ibẹ̀ mọ́.

Ó gbé e lérí, ó ń kọrin:

Ẹ wá rà kẹ́ ẹ jẹ o,
Kúrúmu-kúrúmu!
Kò níyẹ̀fun nínú o,
Kúrúmu-kúrúmu!
Kò ní ṣúgà nínú o,
Kúrúmu-kúrúmu!

Wọ́n rọ́ dé. Ẹkùn ra odidi àpò. Wọ́n yẹ iwájú wò, wọ́n yẹ ẹ̀yìn wò. Wọ́n wá ìyẹ̀fun, wọn ò rí i. Wọ́n wá ṣúgà, wọn ò rí i. Kò sẹ́ni tó béèrè epo. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, Èṣù tí a ń bú lójoojúmọ́ yẹn, ẹ gbé àdín fún un kí ẹ wò ó. Epo pupa ló ń gbà. Èṣù ń wo irú epo kó tó lanu.

Òfin kúkú wà. Ní 2018 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ké sí gbogbo ayé pé kí wọ́n lé irú ọ̀rá líle yẹn kúrò nínú oúnjẹ kí ọdún 2023 tó parí. Ní 2022, Nàìjíríà náà kọ ọ́ sínú ìwé: èròjà burúkú inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá tàbí epo. Òwìwí ni wọ́n fi ṣọ́ ọjà nínú igbó. Òwìwí ń ríran lóru dáadáa. Ọ̀sán gangan ni Ìjàpá ń tajà.

Nígbà tó yá, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í há wọn. Inú ń run wọ́n. Àyà Ẹkùn ń já. Síbẹ̀ Ẹkùn ní òun yóò fi Ìjàpá joyè Olùtọ́jú Ìlú. Ọjọ́ oyè pé, Ìjàpá wé gèlè Yánníbo mọ́ra bí aṣọ òkè, ó dá orin rẹ̀:

Kò níyẹ̀fun nínú o,

Ọ̀kẹ́rẹ́ kékeré kan, akẹ́kọ̀ọ́ láti Àgọ́-Ìwòyè, gbà á lẹ́nu rẹ̀:

Epo ńkọ́?
Kò ní ṣúgà nínú o,
Epo ńkọ́?

Gbogbo ọjà gbè é. Epo ńkọ́? Epo ńkọ́? Ìjàpá kò rí orin dá mọ́.

Ẹkùn ní, "Ìjàpá, gbé epo rẹ wá, kí a fi dín àkàrà oyè. Ìwọ ni yóò kọ́kọ́ jẹ."

"Kí ẹ pẹ́ o, Kábíyèsí. Èmi kì í jẹ àkàrà."

Yánníbo ní, "Irọ́ ni. Ó ń jẹ ẹ́. Epo pupa ni mo fi ń dín tirẹ̀ nílé."

Wọ́n yí àgbá epo dé. Wọ́n ṣí i. Òórùn rẹ̀ jí Òwìwí fúnra rẹ̀. Ẹkùn bẹ̀rẹ̀ wò ó, kò rí ìdí àgbá. Ojú Ìjàpá ló rí nínú rẹ̀, tó ń wá ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Kí wọ́n tó dì í mú, ó ti sáré; ó kọlu àgbá, àgbá dà lé e lẹ́yìn, ó ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ títí dé odò.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn Ìjàpá ti dúdú. Bó bá gbọ́ tí epo ń dún ṣàà nínú agbada, kíá ló ń fa orí wọlé.

Wọ́n ní ó ti tún dé sí ìlú kejì báyìí, pẹ̀lú orúkọ tuntun. Òróró ẹ̀pà inú ìgò ló ń tà. Ó kọ ọ́ gàdàgbà síwájú rẹ̀ pé KÒ SÍ KỌLẸ́SÍTẸ́RỌ́Ọ̀LÙ, owó sì lé e lórí nítorí ẹ̀. Òróró ẹ̀pà wo ló ní i rí?