Wọ́n Tún Ti Gba Páàdì Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ẹjọ́ yìí. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko tí mo ti ń lé ọkọ̀ ojú irin kan kiri. Kì í ṣe reluwé gidi o, ta ló rí reluwé ní Aduwawa? Inú géèmù ni, San Andreas, èyí tó jáde ní 2004, tí gbogbo ọmọ àdúgbò ti gbá parí kí wọ́n tó pààrọ̀ eyín, tí èmi onípéńtì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ra PS2 àlòkù nítorí rẹ̀, kí n lè máa fi sinmi lálẹ́. Sinmi kẹ̀! Edinburgh ni àwọn tó ṣe é jókòó sí, ní Scotland lọ́hùn-ún, nínú òtútù, tí wọ́n ń mu tíì gbígbóná, tí wọ́n ń gbìmọ̀ bí wọ́n ṣe máa fìyà jẹ mí.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Èmi, CJ, ni mo ń gun ọ̀kadà. Big Smoke, ọkùnrin oníkùn rọ̀bọ̀tọ̀ kan, jókòó sẹ́yìn mi pẹ̀lú ìbọn. Àwọn Vagos, ọmọ ìta tó jẹ́ ọ̀tá wa, dúró sórí reluwé. Kí n ṣáà máa sáré tẹ̀ lé wọn, kó máa yìn wọ́n lulẹ̀, ó tán! Àmọ́ ọ̀gbẹ́ni yìí á yìnbọn sára reluwé, á yìn ín sójú ọ̀run, á yìn ín títí á fi kù díẹ̀ kí n bẹ̀ ẹ́ kó ṣàánú àwọn ẹyẹ, reluwé á sì ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, èmi ló sì máa wá dojú ìbínú kọ, pé èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ọkọ̀. Èmi! Ọwọ́ ta ni ìbọn wà?

Wọ́n ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Irọ́ gbuu! Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì bá ọmọ oníṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà nítòsí ọjà màlúù pàdé. Mo gbé memory card mi sápò, mo lọ bá a, mo ní kó kọ́ mi. "Oga, bring am." Ó já páàdì gbà, ìka rẹ̀ ń fò bí ìka onídìrí tó fẹ́ tètè délé, n kò tíì rí "dúró ná" sọ tí gbogbo Vagos ti rọ́ sílẹ̀. "You don see am?" Kí ni mo rí? Ìka ni mo rí! Mo bẹ̀ ẹ́ kó rọra tún un ṣe, ó sì tún un ṣe, kíákíá ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó da páàdì sí mi lọ́wọ́, mo gbéra ní Unity Station, mo forí sọ ògiri, ọmọ náà rẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìyá ẹlẹ́pà tó ń kọjá lọ rẹ́rìn-ín, màlúù kan pàápàá dúró, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó mirí, ó bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n sì gbowó géèmù méjì lọ́wọ́ mi!

Ọmọ onílé wa wá, ó gba páàdì. Àbúrò ìyàwó mi ti Ekpoma dé, ó gbà á. Ẹni tó wá tún fáànù ṣe, ó gbà á! Ṣé páàdì ni àbí àwo ìrẹsì ìnáwó?

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbàdàn fi kóòdù ránṣẹ́ látinú ìwé àjákọ rẹ̀ àtijọ́: R1, R2, L1, X, òsì, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òkè, kí n tún mẹ́rin tó gbẹ̀yìn yẹn tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tẹ̀ ẹ́. Ara mi le, $250,000 já wọ àpò mi. Mo dolówó ní Los Santos! Ní Aduwawa, owó ilé ṣì wà lọ́rùn mi. Reluwé sì tún lọ.

YouTube ńkọ́? Òyìnbó náà kí mi, ó kí ẹbí mi, ó ní kí n tẹ agogo, bó ṣe gun ọ̀kadà báyìí ni dátà mi tán.

Wọ́n ní ní Amẹ́ríkà, láwọn ọdún 1980, Nintendo gba àwọn èèyàn síṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gbé fóònù, kí wọ́n ṣàlàyé fún ẹni tí géèmù bá há mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ń gbowó oṣù! Fóònù yẹn ló wù mí jù, torí ẹni tó wà ní ọ́fíìsì wọn ní Redmond lọ́hùn-ún kò lè nawọ́ já páàdì gbà.

Lálẹ́ àná, ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná. "Bàbá Bọ̀dé, àwọn tó máa ń jókòó sórí tírélà màlúù tó ń ti Auchi bọ̀, tẹ́ ẹ bá dúró ti táyà rẹ̀, ṣé ẹ máa rí wọn? Ẹ jìnnà sí i díẹ̀, ẹ yà sápá ọ̀tún, kí bàbá oníkùn yẹn ráyè yìnbọn."

Inú bí mi. Mo ṣe bó ṣe wí, torí kó lè dákẹ́ ni. Mo yà sápá ọ̀tún, mo jìnnà. Big Smoke yìnbọn, ẹnì kan já bọ́! Òmíràn tẹ̀ lé e! Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òógùn ń bọ́ sí mi lójú, mo ń pariwo orúkọ Jésù, ìgbà yẹn gan-an ni mo gbóòórùn epo pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú mi.

"Ẹ gbé e wá, Bàbá Bọ̀dé, ẹ máa bà á jẹ́."

Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, bọ́tìnnì X ṣì ń yọ̀.