Sí Àna Wa Tó Fi Bàtà Wá Ìyàwó

Ọmọọba Christopher, àna wa àtàtà,

Mo mọ̀ pé orúkọ yín ò pin síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí Lionel, ẹmẹ̀wà yín, ń kéde àríyá káàkiri ọjà, orúkọ tó tò sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo ju ti ọmọ tí gbogbo ẹbí bàbá àti ìyá sọ lórúkọ lọ. Èyí tí mo mú yìí náà tó láti fi bá yín ṣẹjọ́.

Ẹjọ́ ọ̀hún rèé. Ọ̀sán gangan lẹ kọ́kọ́ rí Cinderella ọmọ wa. Inú ọjà ni, ẹ sì wọ aṣọ mẹ̀kúnnù kí wọ́n má baà dá yín mọ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ààfin fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a, ẹrù ìyàwó bàbá rẹ̀ tó dì mọ́ra sì fọ́n ká ilẹ̀. Ẹ ràn án lọ́wọ́, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ tún jọ kọrin. Nígbà tó yá, ẹ tún pàdé rẹ̀ lóde ijó, ẹ dì í mú, ẹ bá a jó títí aago fi lu méjìlá òru. Nígbà tó wá sá lọ, kí lẹ ṣe? Ẹ gbé bàtà gíláàsì kan, ẹ ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, ẹ ń wọn ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Àna wa, ojú ńkọ́? Ẹni tí ẹ fojú kojú rí lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan lẹ rántí? Ká ní ọ̀dọ̀ tiwa lẹ ti wá fẹ́yàwó ni, tí alága ìjókòó kó ọmọge tí wọ́n fi aṣọ bò lójú jáde, tó ní kí ẹ tọ́ka sí tiyín, bàtà náà lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá kiri lójú agbo.

Ẹ má rò pé ìbínú ni. Ẹni tí a ò bá fẹ́ràn, a kì í kọ̀wé gígùn sí i. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1997, lẹ jáde nínú eré *Cinderella* lórí tẹlifíṣàn ABC ní Amẹ́ríkà, àwọn tó wò yín sì tó 60 mílíọ̀nù. Àwa ò sí lára wọn. Ẹ̀gbọ́n màmá wa tó ń gbé lọ́hùn-ún ló gbà yín sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, tòun ti ìpolówó ọṣẹ àti ti mọ́tò láàárín, tó wá fi aṣọ ìnura wé yín, tó sì tì yín sínú àpò ẹnì kan tó ń bọ̀ wá ṣe ọdún Kérésì nílé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. NTSC ni ìlànà tí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà, PAL sì ni tiwa ní Nàìjíríà. Ẹ̀rọ fídíò wa gbà láti ka kásẹ́ẹ̀tì náà, àmọ́ àwọ̀ kọ̀, kò jáde. Ní dúdú àti funfun lẹ bá wa nílé, àwòrán yín a sì máa yí lọ sókè títí ẹnì kan á fi dìde lọ gbá tẹlifíṣàn lórí. Gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ aṣọ búlúù tí ọmọ wa wọ̀ lọ sí àríyá. Lójú tiwa, bí eérú ló rí.

Ṣùgbọ́n irun rẹ̀ ò nílò àwọ̀. Irun dídì wẹ́wẹ́ ni, irú èyí tí èèyàn ń jókòó láàárín ẹsẹ̀ onídìrí fún láti òwúrọ̀ dalẹ́. Iwin ìyá tó sọ elégédé di kẹ̀kẹ́, tó sọ eku di ẹṣin, tó sọ àkísà di aṣọ ọba, kò sọ pé kí irun yẹn di gbọọrọ bíi ti òyìnbó. Ó kàn kó o sókè ni. Àwọn ọmọbìnrin ilé wa á sún mọ́ tẹlifíṣàn níbẹ̀ títí wọ́n á fi dí wa lójú, a ò sì ní lè bá wọn wí.

Whitney Houston tó ṣe iwin ìyá yẹn, òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó wá ṣe Cinderella nígbà tí ọ̀rọ̀ eré náà kọ́kọ́ délẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń fà, ọdún ń lọ. Nígbà tó máa fi ṣeé ṣe, ó fún Brandy ní ipò náà, ọmọ ọdún 18, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó gbé eré náà jáde. Àga tí wọ́n tò fún un ló gbé fún àbúrò. Mi ò mọ iye olórin tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí yín ló kù. Victor Garber tó ṣe bàbá yín, òyìnbó pọ́nńbélé ni. Whoopi Goldberg tó ṣe ìyá yín, adúláwọ̀ ni. Paolo Montalban tó ṣe ẹ̀yin fúnra yín, ìlú Manila ni wọ́n bí i sí. Bernadette Peters, ìyàwó bàbá tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, òyìnbó lòun náà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ funfun, èkejì dúdú. Màmá wa dá kásẹ́ẹ̀tì dúró nígbà àkọ́kọ́ tó wò ó, ó ní kí wọ́n sọ ẹni tó bí ta ni fún òun. Ta ló fẹ́ sọ ọ́? Kábíyèsí ò ṣàlàyé, olorì ò ṣàlàyé, Lionel tí kì í dákẹ́ pàápàá ò gbin. Kò pẹ́ tí màmá wa náà ò fi béèrè mọ́. Bí ìyàwó bàbá yẹn ṣe ń rán ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ bí ẹrú ló wá ń bí i nínú, ó ń bú u láti orí àga.

Lójú tèmi, iṣẹ́ ìyanu tó wà nínú eré yín nìyẹn, kì í ṣe elégédé. Mo ti wo ọ̀pọ̀ eré lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n kó dúdú àti funfun jọ sí, tí wọ́n á máa dúró níwọ̀n ìṣẹ́jú mélòó kan kí a lè kí wọn kú iṣẹ́. Tiyín ò dúró gba ìyìn. Ẹ kàn ń jó lọ ni.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yín ṣe bàjẹ́ nílé wa. Ẹ̀gbọ́n wa kan ń wá kásẹ́ẹ̀tì tí òun máa fi gba ayẹyẹ ìsìnkú bàbá àgbà sílẹ̀, tiyín ló kàn án lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, bí aago bá ti lu méjìlá, tí ọmọ wa ká aṣọ sókè, tó ń sá sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí ẹ̀yin náà gbá tẹ̀ lé e, ojú tẹlifíṣàn á ṣe wìrìwìrì, onígángan á bẹ́ sí i, bàbá kan tó wọ agbádá léèsì á sì máa lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Tòun ti àwọ̀ o! Kámẹ́rà tiwa ni wọ́n kúkú fi gbà á. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú ilé wa, ẹ ò rí ìyàwó kankan fẹ́.

A wá yín dé ọjà Ìdúmọ̀tà, a wá yín dé ọjà Àlàbá. Bí a bá ti dárúkọ, èyí tí Disney fi àwòrán yíyà ṣe lọ́dún 1950 ni wọ́n ń gbé jáde fún wa, wọ́n á ní ọ̀kan náà ni. Ọ̀kan náà kọ́! Nígbà tí Disney+ sì bẹ̀rẹ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2019, tí gbogbo ènìyàn rò pé ibẹ̀ lẹ ó ti yọjú, ẹ ò sí níbẹ̀.

Ó jọ pé sísọnù wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé yín ni. Tẹlifíṣàn CBS ni Rodgers àti Hammerstein kọ eré yìí fún, Julie Andrews sì ṣe é ní ojú ẹsẹ̀, láìsí àtúnṣe, lọ́jọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1957. Àwọn tó wò ó lé ní 100 mílíọ̀nù. Aláwọ̀ mèremère ni wọ́n gbé e jáde, àmọ́ dúdú àti funfun tí wọ́n fi kámẹ́rà yà lójú tẹlifíṣàn ló ṣẹ́ kù sílẹ̀, ó sì di ọdún 2004 kí ó tó jáde lórí DVD. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, inú mi dùn díẹ̀: kì í ṣe ẹ̀rọ fídíò ilé wa nìkan ló ń pa yín láwọ̀ dà. Ti ọdún 1965, tí Lesley Ann Warren ṣe, rí ojú rere ní tirẹ̀, torí CBS ń tún un fi hàn títí di ọdún 1974.

Ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2021 lẹ tó dé orí Disney+. Whitney ti kú láti 2012. Natalie Desselle, tó ṣe ọmọ ìyàwó bàbá tó dúdú yẹn, tó pa wá lẹ́rìn-ín jù, oṣù kejìlá ọdún 2020 ló kú. Bí oṣù méjì ni kò jẹ́ kó bá a.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá wa lọ́hùn-ún, mo wò yín parí. Aṣọ náà búlúù lóòótọ́. Mo rí i bí ìyàwó bàbá ṣe ti ọmọ wa mọ́ ilé ìdáná, tó wá ń tan ara rẹ̀ pé bàtà náà bá òun mu. Mo rí i bí ẹ ṣe bá ọmọ wa lágbàlá níbi tó ti fẹ́ sá kúrò nílé pátápátá. Ojú rẹ̀ lẹ kọ́kọ́ wò, ẹ dá a mọ̀ láti ọjọ́ ọjà, lẹ́yìn náà lẹ tó fi bàtà sí i lẹ́sẹ̀. Mo ti fi ìyẹn dín owó ìtanràn yín kù. Ti àwọn ẹsẹ̀ tí ẹ ti wọ̀n ṣáájú ṣì wà lọ́rùn yín.

Lọ́dún 2024, wọ́n tún gbé ẹ̀yin àti Brandy jáde nínú eré Disney kan, *Descendants: The Rise of Red*, ẹ̀yin ọba, òun olorì. Ẹ ṣì jọ wà. Ohun tí ẹbí ìyàwó ń fẹ́ gbọ́ nìyẹn, nítorí náà a ti fún yín lọ́mọ. Ṣùgbọ́n iṣu ìdána ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa o. Ẹ bá wa fi í ránṣẹ́, kí Lionel náà bá wọn rù ú.

Èmi ni tiyín,
Ẹbí ìyàwó.