Lẹ́tà Ṣíṣí sí Isabelle àti Paul Duchesnay: Ta Ló Ní Àkísà Ni Aṣọ Ìlù?

Ẹ̀gbọ́n mi Paul, Àǹtí mi Isabelle,

Ẹ kò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi yín ṣe ẹ̀gbọ́n, torí ẹjọ́ tí mo bá wá kì í ṣe èyí tí wọ́n ń bá àjèjì rò. Ìlọrin ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ẹ̀yin, orí yìnyín lẹ ti jó; yìnyín tí àwa mọ̀ níbí kò ju èyí tó wà nínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lọ, kì í sì í pẹ́ tó fi ń domi. Àmọ́ a kì í torí pé kò sódò nílé wa ká má mọ adùn ẹja.

Ijó yín ti ọdún 1988 ni mo ní lọ́kàn, èyí tí ẹ jó ní Òlíńpíìkì Calgary ní Kánádà, tí ẹ pè ní Savage Rites. Ẹ jẹ́ n túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ń yọjú wo lẹ́tà onílẹ́tà: Ètùtù Àwọn Ẹhànnà. Ìlù ni orin rẹ̀, ìlù bí ẹni wà nínú igbó. Aṣọ tó ti fà ya lẹ wọ̀. Láyé ìgbà yẹn, tọkùnrin tobìnrin tó bá fẹ́ jó pọ̀ lórí yìnyín ní láti rí bí ẹni tó wà ní gbọ̀ngàn ijó àwọn ọlọ́lá Yúróòpù: kí wọ́n di ara wọn mú, kí wọ́n máa yí bí òòyì, kí ẹ̀rín má sì kúrò lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin tẹ̀gbọ́n tàbúrò wá jó bí ẹni tí nǹkan gùn. Àwọn òǹwòran fẹ́ràn yín. Àwọn adájọ́ sọ yín sí ipò kẹjọ.

Ká sọ tòótọ́, mo fẹ́ gbèjà yín ni. Mo gbé fídíò náà lọ bá bàbá onílù kan ládùúgbò wa, àgbà tó mọ orin dàdàkúàdà láti ìgbà tí Odòlayé Àrẹ̀mú, akọrin rẹ̀, ṣì wà láyé. Mo rò pé yóò wò ó. Bàbá gba fóònù, ó gbé e létí. Ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó ní, “Kí ni ìlù yìí ń sọ?” Mo ní n ò mọ̀. Ó ní, “Kì í ṣe pé o ò mọ̀. Kò sọ nǹkan kan ni.”

Ẹ gbọ́ ná. Ìyáàlù tiwa ń pe èèyàn lórúkọ. Ó ń kì í, ó sì lè máa bú u, kí ẹni tí wọ́n ń bú máa náwó fún onílù torí kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀: mẹ́ta péré, wọ́n sì tó láti fi bani lórúkọ jẹ́. Tiyín kàn ń dún gbì-gbì-gbì, bí ẹni ń gúnyán tí iṣu ò sí nínú odó.

Ti aṣọ yẹn ló tún dùn mí jù. Ta ló sọ fún yín pé bí ìlù bá ti ń dún, àkísà ló kàn? Ẹ wá sí Ìlọrin lásìkò Iléyá, ẹ wo àwọn ẹlẹ́ṣin níwájú ààfin Ẹ́míà. Ẹṣin gan-an wọṣọ jù yín lọ! Wọ́n á ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ láti orí dé ìdí, ẹni tó gùn ún á wé láwàní, kàkàkí á máa ké. Níbi ìgbéyàwó ńkọ́? Ẹni tí ìlù bá ń kì, òfì tàbí léèsì ló máa wà lọ́rùn rẹ̀. Bí kò bá ní tirẹ̀, á yá ti ọ̀rẹ́.

N ò ní di gbogbo ẹ̀bi rù yín. Lọ́dún 2010, Oksana Domnina àti Maxim Shabalin, oníjó orí yìnyín láti Rọ́ṣíà, wọ aṣọ tó jọ awọ ara, wọ́n kun àmì funfun sí i, wọ́n so ewé mọ́ ọn, wọ́n ní ijó àwọn onílẹ̀ Ọsirélíà làwọn ń jó. Àwọn àgbà onílẹ̀ náà bínú. Kí wọ́n tó dé Òlíńpíìkì Vancouver, wọ́n ti bu ọ̀ṣọ́ náà kù, àmì-ẹ̀yẹ idẹ ni wọ́n sì gbà níbẹ̀. Ẹ̀yin gbọ́n jù wọ́n lọ: ẹ kò dárúkọ ẹ̀yà kankan. Igbó tí kò lórúkọ, ta ni yóò pè yín lẹ́jọ́ lórí rẹ̀?

Ṣùgbọ́n mo ti fẹ́ jẹ ìdajì ọ̀rọ̀ bàbá mọ́nú. Lẹ́yìn tó ti bú ìlù yín tán, ó ní kí n pa ohùn rẹ̀, kí òun wá fojú wò ó. Ó wo ẹsẹ̀, ó wo èjìká. Ó ní kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i tí ìka rẹ̀ ń lu apá àga. Ó ní, “Àwọn ọmọ yìí jó. Ìlù wọn ni kò tó ijó wọn.”

Ìdájọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ gbà ní Calgary nìyẹn. Àwọn yòókù ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ bí ẹni ń sá fún ilẹ̀. Ẹ̀yin tẹ orúnkún, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí èjìká dáhùn. Àwọn adájọ́ ń bi ara wọn bóyá ijó ni. Bàbá tí kò tẹ yìnyín rí kò béèrè ìyẹn.

Mo mọ ẹni tó kó bá yín o. Christopher Dean ló to ijó náà fún yín, òun náà tó jó Bolero pẹ̀lú Jayne Torvill ní Òlíńpíìkì Sarajevo lọ́dún 1984. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 10 ni òfin gbà nígbà náà. Orin Bolero wọn jẹ́ ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 28. Láyé ìgbà yẹn, ìgbà tí irin bàtà bá kan yìnyín ni aago tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ni àwọn méjèèjì bá kúnlẹ̀, wọ́n ń mì lórí orúnkún títí àáyá 18 fi kọjá! Àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fún wọn ní 6.0, òpin máàkì nígbà náà, lórí ẹwà ijó. Mo fi òun náà han bàbá. Ìlù kékeré inú Bolero ń tún ohun kan náà wí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá gbọ́ ọ, ó ní, “Èyí ń bẹ̀bẹ̀.”

Nígbà tí ẹ̀yin náà wá fi igbó sílẹ̀, ẹ wo bó ti rí. Missing tí ẹ jó lọ́dún 1990, fèrè Gúúsù Amẹ́ríkà lẹ fi ṣe é, lórí àwọn tó di àwátì lábẹ́ ìjọba ológun Chile. Èyí ní ohun tó ń sọ. Lọ́dún 1991, ní Munich, ẹ di ọ̀gá àgbáyé. Lónìí, Elladj Baldé, tí bàbá rẹ̀ wá láti Guinea, ń jó lórí adágún dídì ní Kánádà pẹ̀lú ṣòkòtò tó mọ́. Ìlù sì wọ̀ ọ́ lára.

Torí náà, ẹ máa bọ̀. Bàbá ti ń wá bí yóò ṣe fi ohùn mẹ́ta pe Duchesnay, ó ní orúkọ yẹn le díẹ̀. Ẹ fi bàtà onírin sílé. Sìmẹ́ǹtì gbígbóná la ní. Àkísà yẹn, ẹ má gbé e wá. Ẹ fi ìwọ̀n èjìká àti gígùn apá yín ránṣẹ́ sí mi ní kíá, torí bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, télọ̀ wa kì í gbaṣẹ́ mọ́.

Èmi ni àbúrò yín, ní Ìlọrin.