Epo Tí Kì Í Rú Èéfín

Ẹ bá mi kí àwọn ará Côte d'Ivoire kú oríire. Wọ́n ti rí epo rọ̀bì tí kì í rú èéfín.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni Eni, ilé iṣẹ́ epo àwọn ará Ítálì, kéde pé òun bá epo pàdé lábẹ́ òkun níwájú etíkun wọn. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Baleine, ìyẹn ẹja àbùùbùtán. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ 2023, epo ti ń tú jáde. Orin tí wọ́n sì fi gbé e jó ni pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí èéfín iṣẹ́ wíwà rẹ̀, bí wọ́n bá rò ó tí wọ́n yọ ọ́, yóò kù sí òdo. Òdo gbáko!

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Lákọ̀ọ́kọ́, èéfín tó bá jáde nídìí kànga epo nìkan ni wọ́n ń kà. Èyí tí epo náà yóò rú nígbà tó bá dénú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ èrò gbaka l'Abidjan tàbí ti bọ́ọ̀sì ní Milan, ẹlòmíì ni kó kà á, bó bá wu ẹnikẹ́ni láti kà á. Ìyá ẹlẹ́mu ló ń búra pé ẹnì kan kì í mutí nínú ilé òun, nígbà tí gbogbo géńdé àdúgbò ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Èyí tó wá kù nídìí kànga ńkọ́? Ibẹ̀ ni àdògán ti wọ ọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ náà ń pín àdògán ìgbàlódé fún àwọn ìdílé ní Côte d'Ivoire, irú èyí tí kì í jẹ èédú púpọ̀. Èédú tí ìyá ilé kò bá sun mọ́, wọ́n á ṣírò rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di èéfín tí kò rú, wọ́n á sì fi yọ lára gbèsè èéfín tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká gba Botro kọjá. Ìlú kékeré ni, lápá àríwá ìwọ̀-oòrùn Bouaké, nílẹ̀ àwọn Baoulé, níbi tí iṣu ti ń jọba. Ẹ fojú inú wo ìyá kan níbẹ̀ tó gbé iṣu kaná, tó fẹ́ fi gún foutou. (Iyán ni o. Ẹ má jẹ́ kí ará Èjìgbò kankan tó ti Bouaké dé fi Faransé dẹ́rù bà yín.) Bí ọ̀kan nínú àdògán yẹn bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, láti ọjọ́ náà ló ti di òṣìṣẹ́ elépo. Kò sí lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́, kò sí owó oṣù, kò sí ìsinmi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má sun èédú. Bó ṣe ń ṣọ́ iná jó lábẹ́ ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni ẹja àbùùbùtán ń funfun sí i láàárín òkun. Bí àlejò bá wá kún ilé lọ́jọ́ ọdún, tó da ààrò mẹ́ta mìíràn kún un kí oúnjẹ lè kárí, òun ló ba ayé jẹ́ yẹn.

Mi ò bínú àdògán o. Ẹni tí èéfín ti ń pọ́n lójú láti ìgbà ọmọge yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá a dín in kù. Ẹni tó mú ìwé ìṣirò lọ́wọ́ ni mò ń wò.

Àwọn alágbàwí iná mímọ́ ẹkùn wa náà kò gbẹ́yìn. Ní 2010, ECOWAS dá àjọ ECREEE sílẹ̀ ní Praia, ní Cape Verde, kó máa polongo iná oòrùn àti ti afẹ́fẹ́. Ní 2013, àwọn olórí orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìlànà lórí irú iná bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ìpàdé kan ṣe ń tú ni òmíràn ń jókòó. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń rí: amúlétutù yóò mú débi pé àwọn tó wá sọ̀rọ̀ ayé tó ń gbóná á máa wá kóòtù wọ̀. A ó pín báàgì, a ó ya fọ́tò, a ó gbé ìkéde jáde. Gbólóhùn kan kì í sì í wọ́n nínú ìkéde ọ̀hún: kí a la àwọn obìnrin ìgbèríko lọ́yẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2022, Abidjan gba gbogbo ayé lálejò fún COP15 lórí ilẹ̀ tó ń di aṣálẹ̀. Oṣù mẹ́jọ péré ni ẹja àbùùbùtán fi ṣáájú wọn dé.

Ẹ ní kí a la ará Bouaké lọ́yẹ̀ lórí kí ni? Ní 2018, adágún La Loka tí ọ̀pọ̀ nínú omi ẹ̀rọ wọn ti ń wá gbẹ, odindi ìlú ńlá ń to korobá de ọkọ̀ omi. Ní 2021, òjò fà sẹ́yìn, omi lọ sílẹ̀ nídìí àwọn ìdídò, ẹ̀rọ tún bàjẹ́ ní ibùdó iná Azito, ni CIE, ilé iṣẹ́ iná wọn, bá ń fi wákàtí pín iná. (Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tó ń rẹ́rìn-ín, àwọn tibẹ̀ tẹ àkókò tí iná yóò lọ jáde fáráyé rí. Ta ló tẹ tiyín?)

Ká tilẹ̀ padà sẹ́yìn sí i. Nígbà tí ìjọba Houphouët-Boigny kọ́ ìdídò Kossou sórí odò Bandama, láàárín 1969 sí 1973, omi gba oko, ó gba ilé, ó gba sàréè. Nǹkan bí 75,000 ènìyàn ló kó kúrò, Baoulé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Béoumi tó múlé gbe Botro. Iná tí kò rú èéfín ni wọ́n fi ilẹ̀ baba wọn rà yẹn, láìsí ẹni tó kọ ọ́ sí ojú ìwé kankan fún wọn. Ká ní ọjà èéfín ti ń ná nígbà náà ni, Eni ìbá máa wá yá lọ́wọ́ wọn.

Iṣẹ́ gidi ń lọ náà, n ò ní purọ́. Ibùdó iná oòrùn Boundiali, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 37.5 mẹ́gáwáàtì, wà lápá àríwá; Jámánì àti Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló bá wọn dá sí owó rẹ̀. Láti 2014 sì ni ètò iná fún gbogbo ènìyàn ti ń gba 1,000 fàráńkì CFA lọ́wọ́ ìdílé kí wáyà tó wọlé, wọ́n á máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ gílóòbù kì í se iṣu.

Ní tiwa, olóògbé Buhari dìde níbi ìpàdé lórí ayé tó ń gbóná ní Glasgow ní oṣù kọkànlá 2021, ó ní Nàìjíríà yóò dé òdo ní 2060. Ọ̀pọ̀ wa ti débẹ̀ tipẹ́: iná ìjọba tí kò wá kò lè rú èéfín. Jẹnẹrétọ̀ tó ń bú ramúramù lẹ́yìn ilé, ẹ má kà á, ìdí kànga là ń kà.

Àmọ̀ràn mi fún ìyá Botro ni pé kó wá ọmọ tó mọ̀wé, kó bá a kọ ìwé owó iṣẹ́ ránṣẹ́. Èédú tí n kò sun láàárọ̀, iye kan. Èédú tí n kò sun lálẹ́, iye kan. Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, bí wọ́n ṣe ń san án fún àwọn tó ń ṣèpàdé lórí mi nínú hòtẹ́ẹ̀lì. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹni tí omi Kossou lé, kó fi owó ilẹ̀ yẹn kún un pẹ̀lú èlé àádọ́ta ọdún. Kí àwọn onímọ̀ ìṣirò wọ̀nyẹn bá a rò ó pọ̀, iṣẹ́ wọn kúkú ni. Kó wá kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sísàlẹ̀. Orange Money lòun ń gbà, òun kì í gba káábọ̀n.